Ṣúgà Òwúrọ̀, Ínsúlínì àti Nọ́ńbà HOMA-IR: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Arábìnrin kan láti Ìbàdàn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, dókítà. Obìnrin ẹni ọdún 41 ni mí, Ìbàdàn ni mo ń gbé. Àtọ̀gbẹ ni ó ṣe bàbá mi, ìdí nìyẹn tí mo fi lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ láìjẹun. Ṣúgà mi jẹ́ 98 mg/dL, ínsúlínì 14.2 µU/mL, tráìgílísẹ́ráìdì (ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀) 82 mg/dL, HDL (kọlẹ́sítẹ́róòlù rere) 46 mg/dL, HbA1c 5.2%. AS ni jẹnotáìpù mi. Wọ́n kọ «HOMA-IR 3.4» sí ìsàlẹ̀ ìwé náà láìṣàlàyé. Mo kà á níbì kan pé ohun tí ó bá ti ju 2 lọ, àìsàn ni. Mo tún kà á níbòmíràn pé kí n fi HDL pín tráìgílísẹ́ráìdì, pé bí kò bá ti tó 3, kò sí ewu. Tèmi kò tó 2. Èwo ni kí n gbà gbọ́ nínú méjèèjì? Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n máa bá àwọn lo metformin, oògùn àtọ̀gbẹ wọn.

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, arábìnrin mi, tí ẹ kọ òṣùwọ̀n nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan tẹ̀ lé e, nítorí nọ́ńbà tí kò ní òṣùwọ̀n kò ṣeé dáhùn. Kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo dúró. Kò sí ohun kankan nínú ìwé yìí tí ó fi hàn pé ẹ ní àtọ̀gbẹ, ẹ má sì ṣe gba metformin lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n yín. Ṣùgbọ́n 3.4 yẹn, tí í ṣe ìdíwọ̀n bí ara kò ṣe gbọ́ràn sí ínsúlínì tó, kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí ẹ gbójú fò, ìṣirò kejì tí ó ní kò sí ewu kò sì lágbára tó láti fagi lé e lára ènìyàn dúdú. Nínú àwọn nọ́ńbà tí ẹ fi ránṣẹ́, méjì wà tí ó lè fi yín lọ́kàn balẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ọ̀kan sì wà tí ó lè dẹ́rù bà yín ju bó ṣe yẹ lọ.

Ínsúlínì ni họ́mọ̀nù tí pánkíríàsì, ẹ̀yà ara kan tí ó fara pamọ́ sẹ́yìn àpò oúnjẹ, ń tú sínú ẹ̀jẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n méjì ni ó kàn wá níhìn-ín: ó ń jẹ́ kí iṣan ara àti ọ̀rá gba ṣúgà wọlé láti inú ẹ̀jẹ̀, ó sì ń kó ẹ̀dọ̀ níjàánu kí ó má baà ṣe ṣúgà jáde ní àṣejù. Bí a bá sùn mọ́jú láìjẹun, ẹ̀dọ̀ ni ó ń pèsè èyí tí ó pọ̀ jù nínú ṣúgà tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa. Nígbà tí ẹ̀dọ̀ àti iṣan kò bá gbọ́ràn sí ínsúlínì bó ṣe yẹ mọ́, ọ̀rọ̀ náà a dà bíi ti ìyá tí ó pe ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tí ọmọ kò dáhùn: ìyá yóò gbé ohùn sókè, ọmọ yóò sì wá jẹ́ ipè. Pánkíríàsì yóò tú ínsúlínì púpọ̀ sí i, ṣúgà yóò sì wà níbi tí ó yẹ kí ó wà. Ìdí nìyí tí ṣúgà òwúrọ̀ fi lè dára fún ọ̀pọ̀ ọdún nígbà tí àìgbọ́ràn ara ti wà nílẹ̀, àti ìdí tí ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ nípa rẹ̀ fi gbọ́dọ̀ wo ṣúgà àti ínsúlínì pọ̀, nínú ẹ̀jẹ̀ kan náà tí a fà lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1936, Harold Himsworth, dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, fún àwọn aláìsàn àtọ̀gbẹ ní ṣúgà àti ínsúlínì pọ̀, ó sì rí i pé ínsúlínì mú ṣúgà àwọn kan walẹ̀ kíákíá, ṣùgbọ́n kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe nǹkan kan lára àwọn mìíràn. Ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ fi ń wọn àìgbọ́ràn yìí tààrà títí di òní ni èyí tí Ralph DeFronzo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàlàyé ní 1979: wọn a máa fi ínsúlínì sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹni náà láìdáwọ́ dúró, wọn a máa fi ṣúgà sí i ní apá kejì kí èyí tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ má baà lọ sílẹ̀, wọn a sì máa yẹ ṣúgà náà wò ní ìṣẹ́jú díẹ̀díẹ̀ fún nǹkan bíi wákàtí méjì. Bí ṣúgà tí ara gbà bá ṣe pọ̀ tó ni ìgbọ́ràn rẹ̀ ṣe dára tó. Kò sí ẹni tí yóò ṣe irú èyí fún gbogbo ẹni tí ó bá wọ ilé ìwòsàn, nítorí náà ni àwọn ènìyàn fi wá ọ̀nà tí wọn yóò fi fojú díwọ̀n rẹ̀ láti inú ẹ̀jẹ̀ tí a fà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láàárọ̀.

HOMA ni ó gbajúmọ̀ jù nínú àwọn ìdíwọ̀n náà. David Matthews, Robert Turner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Oxford ni wọ́n gbé e jáde ní 1985. Wọ́n mú ọ̀dọ́ tí kò sanra, tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tó 35, gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ ara tí ó dá, wọ́n sì gbà pé ṣúgà irú ẹni bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ jẹ́ 4.5 mmol/L, ínsúlínì rẹ̀ sì jẹ́ 5 µU/mL. Ẹ sọ 4.5 di ìlọ́po márùn-ún, ẹ ó rí 22.5. Ibi tí nọ́ńbà tí ẹ máa ń rí nínú ìṣirò náà ti wá nìyẹn: a ó fi ṣúgà ṣe ìlọ́po ínsúlínì, a ó sì fi 22.5 pín in, kí ẹni tí ó bá dà bí ọ̀dọ́ yẹn lè rí 1. Bí a bá fi mg/dL wọn ṣúgà, 405 ni a ó fi pín in dípò 22.5. Fún ẹ̀yin, 98 lọ́nà 14.2 jẹ́ 1,391.6, bí a bá fi 405 pín in, ó di 3.4. Ilé àyẹ̀wò yín kò ṣi ìṣirò ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí òṣùwọ̀n, nítorí mo ti rí àwọn tí jìnnìjìnnì bò lásán nítorí rẹ̀. Mg/dL ni wọ́n ń lò fún ṣúgà ní Amẹ́ríkà, mmol/L ni ní Ìlú Ọba, àwọn ilé àyẹ̀wò tiwa ní Nàìjíríà sì ń lo méjèèjì, ó kàn kù sí ọwọ́ ẹ̀rọ tí wọ́n rà ni. Bí ẹnìkan bá fi 98 yín ṣe ìlọ́po 14.2, tí ó wá fi 22.5 pín in dípò 405, yóò rí 61.8, nọ́ńbà tí kò ní ìtumọ̀ kankan. Àwọn mìíràn ń fi pmol/L ka ínsúlínì, 14.2 yín yóò wá di nǹkan bíi 85, ẹni tí kò bá sì kọ́kọ́ fi 6 pín in kí ó tó ṣe ìṣirò yóò rò pé HOMA òun lé ní 20. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń fi ẹ̀rọ ìṣirò orí íntánẹ́ẹ̀tì wo tirẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo òṣùwọ̀n tí ẹ̀rọ náà ń béèrè.

Kí ni 3.4 wá ń sọ? Ó ń sọ pé ínsúlínì tí ó ń kó ṣúgà yín níjàánu láàárọ̀ pọ̀ ju ti ọ̀dọ́ àpẹẹrẹ yẹn lọ dáadáa. Ìṣirò mìíràn kan tún wà tí àwọn ará Oxford náà ṣe, èyí tí ń díwọ̀n agbára pánkíríàsì: 20 lọ́nà ínsúlínì, kí a fi ohun tí ó kù nígbà tí a bá yọ 3.5 kúrò nínú ṣúgà tí a fi mmol/L kà pín in. Ṣúgà yín jẹ́ nǹkan bíi 5.44 mmol/L, nítorí náà agbára tí pánkíríàsì yín ń lò jẹ́ nǹkan bíi 146%. Ó ń ṣe ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ, ó sì ń borí rẹ̀ títí di ìsinsìnyí. Ẹ fi ọkùnrin kan tí mo kàn fi ṣe àpẹẹrẹ wé ara yín: ṣúgà rẹ̀ láàárọ̀ jẹ́ 9 mmol/L, ínsúlínì rẹ̀ jẹ́ 5. HOMA-IR rẹ̀ jẹ́ 2.0 péré, ó kéré sí tiyín. Bẹ́ẹ̀ ó ti kọjá 7.0 tí a fi ń mọ àtọ̀gbẹ, agbára pánkíríàsì rẹ̀ kò sì ju 18% lọ. HOMA rẹ̀ kéré nítorí pé pánkíríàsì rẹ̀ ti rẹ̀, kò rí ínsúlínì tú jáde mọ́. Ìdí nìyí tí n kò fi gbà kí ẹnikẹ́ni ka HOMA-IR láìwo ṣúgà àti ínsúlínì tí a fi ṣe é, àti ìdí tí kò fi wúlò fún ẹni tí ó ti ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlínì, tí kò sì fi ṣeé gbọ́kàn lé lára ẹni tí ó ń lo oògùn bíi glibenclamide, tí ń ti pánkíríàsì láti tú u jáde.

Ní ti «ohun tí ó bá ti ju 2 lọ, àìsàn ni», kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ààlà HOMA kankan nínú ìlànà tí WHO fi ń mọ àtọ̀gbẹ. Àwọn 2, 2.5 àti 3 tí ẹ ń rí káàkiri, ọ̀nà tí wọ́n fi rí púpọ̀ nínú wọn ni pé wọ́n wọn ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò ní àtọ̀gbẹ ní ìlú kan, wọ́n tò wọ́n láti orí ẹni tí ó kéré jù, wọ́n sì fa ìlà sí ibi tí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tàbí mẹ́wàá tí ó ga jù nínú ọgọ́rùn-ún bẹ̀rẹ̀. Bí àwọn ènìyàn ìlú náà bá sanra, ìlà náà á gòkè. Bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi wọn ínsúlínì bá yàtọ̀, ìlà náà á yẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ ìwọ̀n ínsúlínì kò sì tíì ní òdiwọ̀n kan tí gbogbo wọn jọ ń tẹ̀ lé; ẹ̀jẹ̀ kan náà lè jáde ní 11 lórí ọ̀kan, kí ó jẹ́ 14 lórí òmíràn. Àwọn ará Oxford tún ìdíwọ̀n náà ṣe ní 1998 nítorí ìyípadà nínú ẹ̀rọ wọ̀nyí, wọ́n sì pè é ní HOMA2. Kọ̀ǹpútà ni a fi ń ṣe é, nọ́ńbà rẹ̀ sì sábà máa ń kéré sí ti àtijọ́, nítorí náà ẹ má ṣe fi ààlà ọ̀kan ka èkejì.

Ohun kan tún wà tí àwọn ìwé tí a ń kà lórí ayélujára kì í sábà sọ fún wa. Ínsúlínì inú ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe ohun tí pánkíríàsì tú jáde nìkan. Ẹ̀dọ̀ ń fa apá púpọ̀ nínú rẹ̀ yọ kí ó tó kárí ara. Ìwádìí lára àwọn aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà àti lára àwọn obìnrin adúláwọ̀ ní South Africa ti fi hàn pé ẹ̀dọ̀ wọn kì í fa ínsúlínì yọ tó ti àwọn aláwọ̀ funfun. Ìyẹn ni pé ínsúlínì ènìyàn dúdú lè ga díẹ̀ láìjẹ́ pé gbogbo gíga náà jẹ́ ti àìgbọ́ràn ara. Èyí ni nọ́ńbà tí mo ní ó lè dẹ́rù bà yín ju bó ṣe yẹ lọ. Kò sọ 3.4 di asán o. Ohun tí ó ṣe ni pé kò jẹ́ kí n lè fi ààlà tí wọ́n fà fún àwọn ará Yúróòpù dá yín lẹ́jọ́.

Mo wá dé orí ìṣirò tí ó ní kò sí ewu. Ní 2003, àwọn ènìyàn Gerald Reaven ní Stanford dábàá pé bí tráìgílísẹ́ráìdì bá tó ìlọ́po mẹ́ta HDL, nígbà tí a bá fi mg/dL ka méjèèjì, ó ṣeé ṣe kí ara ẹni náà má gbọ́ràn sí ínsúlínì. Tiyín, 82 tí a fi 46 pín, jẹ́ 1.8. Ó dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n Anne Sumner àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní NIH, ilé iṣẹ́ ìwádìí ìlera ti ìjọba Amẹ́ríkà, ti lo ọ̀pọ̀ ọdún láti fi hàn pé ìṣirò tí ó dúró lórí tráìgílísẹ́ráìdì máa ń kùnà lára àwọn aláwọ̀ dúdú, yálà àwọn tí a bí sí Amẹ́ríkà tàbí àwọn tí ó ṣí wá láti Áfíríkà. Tráìgílísẹ́ráìdì tiwa máa ń wà nílẹ̀ kódà nígbà tí ara kò gbọ́ràn. Àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé ẹ́ńsáìmù tí ń fọ́ ọ̀rá yìí nínú ẹ̀jẹ̀ kì í dẹwọ́ iṣẹ́ lára wa bí ó ṣe ń dẹwọ́ lára àwọn aláwọ̀ funfun. Nítorí náà, bí ìṣirò yìí bá ga lára ènìyàn dúdú, ó tọ́ kí a fiyè sí i. Bí ó bá kéré, kò fi ẹnikẹ́ni lọ́kàn balẹ̀. Àìlera kan náà ni ti èyí tí wọ́n ń pè ní TyG, nítorí tráìgílísẹ́ráìdì ni ó wà nínú òun náà. Èyí sì ká mi lára, nítorí àwọn ìṣirò olówó pọ́ọ́kú wọ̀nyí gan-an ni wọ́n ń polówó fún àwọn ilé ìwòsàn tí kò lágbára láti wọn ínsúlínì, níbi tí àwọn ènìyàn wa pọ̀ sí.

HbA1c yín, 5.2%, náà kò ṣeé gbọ́kàn lé pátápátá. Nọ́ńbà yìí ń sọ iye ṣúgà tí ó ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ pupa láàrin nǹkan bí oṣù méjì sí mẹ́ta, ṣùgbọ́n lára àwọn tí jẹnotáìpù wọn jẹ́ AS, ó máa ń fi díẹ̀ kéré sí bí ṣúgà wọn ṣe rí gan-an. Lára SS, kò yẹ kí a lò ó rárá. Ní ilẹ̀ wa tí nǹkan bí ẹnìkan nínú mẹ́rin ti jẹ́ AS, mo fẹ́ kí gbogbo dókítà máa béèrè jẹnotáìpù kí wọ́n tó sọ fún ènìyàn pé HbA1c rẹ̀ dára.

Ó ku bí wọ́n ṣe fa ẹ̀jẹ̀ náà, lọ́dọ̀ tèmi ibẹ̀ ni nǹkan ti sábà máa ń bàjẹ́. Ẹ̀jẹ̀ tí a fà sínú túùbù lásán, tí a fi sílẹ̀ nínú ooru yàrá, sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ yóò máa jẹ ṣúgà rẹ̀ lọ, nǹkan bíi 5% sí 7% ní wákàtí kan. Bí wọ́n bá fà á ní ibùdó kan, tí ọlọ́kadà wá gbé e lọ sí ilé àyẹ̀wò ńlá lẹ́yìn wákàtí méjì, 98 tí wọ́n kà lè ti jẹ́ nǹkan bíi 110 nígbà tí ó ń jáde lára yín, èyí tí ó ti wọ ìpele tí ó ṣáájú àtọ̀gbẹ. Túùbù tí ó ní fúlóráìdì, èyí tí ọmọrí rẹ̀ sábà máa ń ní àwọ̀ eérú, ni ó yẹ fún ṣúgà. Kì í dá jíjẹ náà dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí náà kí wọ́n má pẹ́ pẹ̀lú ìyẹn náà. Ti ínsúlínì tún yàtọ̀: bí ẹ̀jẹ̀ pupa bá fọ́ nínú túùbù nítorí pé wọ́n fi agbára fà á, ohun tí ó bá tú jáde láti inú rẹ̀ yóò máa ba ínsúlínì jẹ́, nọ́ńbà yóò sì kéré lórí irọ́. Bí ẹ bá ń lo bàótínì fún irun àti èékánná, ẹ dá a dúró fún ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, nítorí ó ń da àwọn ẹ̀rọ kan láàmú, ó sì lè mú kí wọ́n ka ínsúlínì ní kékeré. Àìsàn ibà, àìsùn tó, oògùn sítẹ́rọ́ìdì, àti ìpara bíbóra tí wọ́n fi sítẹ́rọ́ìdì líle sí, gbogbo ìwọ̀nyí lè gbé nọ́ńbà náà ga ní tiwọn.

Ínsúlínì pàápàá kì í jáde ní ìṣàn kan. Ìgbì ni ó ń bá jáde, ó ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wálẹ̀ láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn tí ó bá fẹ́ ṣe é dáadáa fi máa ń fa ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìṣẹ́jú márùn-ún síra wọn, tí wọn a sì ro nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, wọn a fi mẹ́ta pín in. Bí ìgbì bá bá yín ní 11, 3.4 yín ì bá jẹ́ 2.7; bí ó bá bá yín ní 17, ì bá jẹ́ 4.1. Ara kan náà ni, òwúrọ̀ kan náà ni.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà yín ni àyẹ̀wò ṣúgà mímu ti gírámù 75, nítorí kò gbára lé HbA1c tí AS lè tàn jẹ, kò sì nílò ìwọ̀n ínsúlínì. Ẹ jẹun bí ẹ ṣe ń jẹ tẹ́lẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú rẹ̀, ẹ má ṣe sá fún ẹ̀bà tàbí àmàlà nítorí àyẹ̀wò. Ní alẹ́ tí ó ṣáájú, ẹ gbààwẹ̀ wákàtí 8 sí 12, omi lásán nìkan ni kí ẹ mu, kì í ṣe àgbo, tíì tàbí obì. Lẹ́yìn wákàtí méjì tí ẹ bá ti mu ṣúgà náà, bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ bá wà ní ìsàlẹ̀ 140 mg/dL, ó dára. Láti 140 dé 199, ara kò lè kó ṣúgà mọ́ bó ṣe yẹ. 200 sókè, ó ti wọ ipele àtọ̀gbẹ. Kí ẹ sì fi téèpù wọn agbedeméjì ìhà ìsàlẹ̀ àti eegun ìbàdí: 80 sẹ̀ǹtímítà ni ààlà tí wọ́n ń lò fún obìnrin nílẹ̀ wa. Ẹ wo ọrùn àti abẹ́ apá bóyá awọ ibẹ̀ ti ṣókùnkùn tí ó sì nípọn. Ẹ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí nǹkan oṣù yín kò bá ṣe déédéé, ẹ sọ fún dókítà. Bí púpọ̀ nínú ìwọ̀nyí bá wà pẹ̀lú àtọ̀gbẹ tí ó ṣe bàbá yín, èmi yóò gba 3.4 náà gbọ́. Bí kò bá sí ọ̀kankan níbẹ̀, tí àyẹ̀wò ṣúgà mímu sì dára, mo máa kà á sí pé ẹ̀dọ̀ tí kì í yára fa ínsúlínì yọ àti ìgbì òwúrọ̀ ọjọ́ náà ní ọwọ́ nínú rẹ̀.

Ní ti metformin ẹ̀gbọ́n yín: ìwádìí ńlá tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2002 lo ènìyàn 3,234 tí ara wọn tóbi, tí àyẹ̀wò ṣúgà mímu wọn sì ti fi hàn pé nǹkan ti ń yí. Metformin dín iye àwọn tí àtọ̀gbẹ mú kù ní 31%. Àwọn tí wọ́n ran lọ́wọ́ láti dín ìwọ̀n ara wọn kù ní 7% tí wọ́n sì ń rìn tàbí ṣe eré ìdárayá fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, tiwọn dín kù ní 58%. Ẹ kò tíì ṣe àyẹ̀wò tí yóò fi hàn bóyá ẹ jọ wọ́n, ẹnikẹ́ni kò sì tíì wo kíndìnrín yín, èyí tí ó yẹ kí a mọ̀ kí a tó fún ènìyàn ní oògùn náà. Ìrìn yẹn ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láìdúró de àbájáde kankan, kí ẹ sì yọ ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò kúrò nínú oúnjẹ ojoojúmọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ tún ínsúlínì wọn, ẹ jẹ́ kí ó tó oṣù mẹ́fà, ẹ padà sí ilé àyẹ̀wò kan náà kí ó lè jẹ́ ẹ̀rọ kan náà, ẹ má ṣe eré ìdárayá líle ní ọjọ́ tí ó ṣáájú, kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ aago tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ àti aago tí wọ́n ya omi ẹ̀jẹ̀ náà sọ́tọ̀ kúrò lára sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ sórí ìwé náà.